Ìbọn Tí A Fi Pamọ́ De Àlejò

Ẹ má wulẹ̀ bù mí lómi, Tíṣà, mi ò wá mu omi. Ẹ má sì fa àga yẹn sún mọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti bá ìbínú wọ ọ́fíìsì yìí, àga yìí náà lẹ máa ń fà fún mi, n ó jókòó, inú mi á rọ̀, nígbà tí n ó bá sì fi dìde, n ó ti gbà pé ẹ̀yin lẹ jàre, èmi ni mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n dúró lónìí. Ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ni mo mú wá, ìjábọ̀ ẹgbẹ́ wa tí ẹ fẹ́ gbé lọ sí ìpàdé àgbáyé, pé kí èmi Wẹ́dà fọwọ́ sí i kíá, pé ọ̀tunla lẹ ó wọ bàálù. Òun nìyí. Ó ti rún, àbí? Ẹ má bínú. Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi rún un.

Ojú ewé kẹsàn-án ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀wé kà o, ó kàn máa ń pẹ́ lẹ́nu mi ni. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ: "Ìbọn mẹ́tàlélógójì ni àwọn ará àdúgbò kó sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí, gbogbo rẹ̀ pátá ni a sì ti gé." Ó parí. Ẹ wá ṣí i dé ojú ewé kẹrìnlá, níbi tí ẹ to àwọn tí ìbọn pa sí, láìsí orúkọ, nítorí ẹ ní àjọ àgbáyé ò fẹ́ orúkọ. "Obìnrin kan, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òṣìṣẹ́ ilé oògùn. Wọ́n yìnbọn pa á lọ́sàn-án. A kò mọ ibi tí ìbọn náà ti wá."

A ò mọ ibi tí ìbọn náà ti wá? Tíṣà, ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ṣé ẹ̀yin ni àbí èmi?

Ẹ má wo ilẹ̀. Ẹ wò mí lójú, kò sí èsì lórí síméǹtì. Obìnrin kan! Ọmọ tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín kọ́ ní A, B, D, tí ẹ máa ń sọ pé láti ọgbọ̀n ọdún tí ẹ ti ń kọ́ ọmọ, ẹ ò tíì rí ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ gún tó tirẹ̀. Màmá Kékeré mi. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo sin ìyá tó bí mi ni wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ sọ délẹ̀ tó ti ń pàṣẹ fún mi nínú ilé, Bàbá ẹ fọwọ́, Bàbá ẹ bọ́ bàtà sí ìta, Bàbá ariwo yín pọ̀, èmi náà á sì ṣe é wéré, nítorí bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Òun lẹ wá sọ di ìlà kan ṣoṣo, ẹ fi í sáàárín ẹnì kan tó ń gun alùpùpù àti ẹnì kan tí ẹ ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Kò tilẹ̀ kún ìlà náà. Àlàfo ṣì kù níbẹ̀.

Ẹ ní báyìí ni wọ́n ṣe ní kí a máa kọ ọ́? Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ní kí a máa kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí bí àwa ṣe ń ṣe tiwa, bóyá ìrìnàjò yìí ti mú yín gbàgbé. Ọdún kọkànlá rèé tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ẹ̀yin, èmi, àti àwọn ìyá márùn-ún tí ìbọn ti pa ọmọ wọn, nínú kíláàsì yín, lórí àga àwọn ọmọ kékeré, tí orúnkún wa ń kan wá lágbọ̀n. Òfin kan ṣoṣo la ṣe lọ́jọ́ náà, a ò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ìbọn kì í sùn sọ́dọ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé e wá, ì báà jẹ́ èyí tí ìpẹtà ti jẹ ẹnu rẹ̀ dà nù, ọjọ́ náà gan-an ni n ó ru gáàsì mi dé, n ó gé e lójú gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi di wẹ́wẹ́. Àwọn aládùúgbò tilẹ̀ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wá ní ẹgbẹ́ aláàwẹ̀. Màmá Kékeré á dúró ti ìwé, á ké nọ́ńbà, n ó gé e, á béèrè pé, "Kí lèyí?" gbogbo àgbàlá á sì dáhùn pé irin ni. Irin lásán, irin tí mo lè fi ṣe ẹsẹ̀ àga. Ẹ rántí obìnrin tó gbé ìbọn ọkọ rẹ̀ wá nínú agbada ìdáná? Nígbà tó gbọ́ "irin ni", ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá gbáko, Tíṣà. Ìbọn ò sùn sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lẹ́tà wá dé.

Àwọn ọ̀gá láti àjọ àgbáyé fẹ́ wá fi ojú ara wọn rí i. Ẹ kà á fún wa nínú ìpàdé, ojú yín ń dán bíi ti ọmọ tó gba ipò kìíní, àwa náà pàtẹ́wọ́, mi ò níí purọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Àlàyé tí ẹ ṣe sì mọ́gbọ́n dání. Ẹ ní àwọn ẹgbẹ́ kan níbòmíràn ń kọ ọ́ pé àwọn gé ẹgbẹ̀rún ìbọn, irin orí ààtàn ni wọ́n yà ní fọ́tò, àwọn ìjọba sì ti rí i, wọ́n wá ń sọ pé òpùrọ́ ni gbogbo ẹgbẹ́ aráàlú, kí wọ́n má jẹ́ kí irú wa wọlé síbi tí wọ́n ti ń ṣàdéhùn lórí títa ìbọn àti gbígba ìbọn. Ẹ ní bí àlejò yìí bá fojú rí tiwa, ẹnu àwọn ìjọba á pa mọ́, a ó ní àga níbẹ̀, àwa tí ìbọn ń pa lọ́mọ la ó máa sọ ọ́ fún wọn lójú. Pé ọ̀sẹ̀ méje péré ni. Pé kí a kó ti ọdún yìí, tí àwọn ará àdúgbò gbé wá lọ́jọ́ náà, pa mọ́ dè wọ́n.

Mo sọ̀rọ̀ àbí mi ò sọ̀rọ̀? Mo dìde, mo ní Tíṣà, gáàsì wà nínú sílíńdà mi, ẹ jẹ́ n gé e, kí àlejò wá bá wẹ́wẹ́ rẹ̀. Ẹ ní wẹ́wẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí, pé ẹnikẹ́ni ló lè kó irin wẹ́wẹ́ jọ, pé ibi tí iná ti ń jó o gan-an ni kámẹ́rà fẹ́ rí. Mo ní ìbọn kì í ṣe aṣọ ìróde tí èèyàn ń tọ́jú de àlejò. Gbogbo ilé wò mí bí ẹni tó fẹ́ da omi sí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ fa àga fún mi. Mo jókòó.

Nígbà tí à ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, Màmá Kékeré ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ti wá ń pa ìbọn mọ́ ni?" Mo ní kó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún o. Ó sì dákẹ́. Òun tí kì í dákẹ́ fún mi láti kékeré, ọjọ́ kan tó yẹ kó bú mọ́ mi, kó pàṣẹ fún mi pé kí n padà lọ gbé gáàsì mi, ọjọ́ náà ló yàn láti bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀.

Ẹ rọra. Ẹ jẹ́ n mí díẹ̀.

Ta ló ṣe ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀ tí a kó ìbọn sí yẹn? Èmi náà ni. Irin tó nípọn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo lò, gbogbo oríkèé rẹ̀ ni mo jó lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo ẹgbẹ́ pé bí olè bá gbé òòlù tì í títí ilẹ̀ fi mọ́, kò ní í ṣí. Òótọ́ sì ni, kò ṣí. Kò sẹ́ni tó fi òòlù kàn án. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i bí onílé. Mo sọ fún yín pé kí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo náà má kúrò lọ́rùn yín. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ó wà níbẹ̀. Àfi ìgbà tí lẹ́tà àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Ẹ ya fọ́tò ìbọn ránṣẹ́. Ẹ tún un yà, nọ́ńbà rẹ̀ ò hàn. Ẹ tún un yà láti apá òsì. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rúlà! Bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún ìbọn. A tilẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yin gan-an lẹ béèrè bóyá kí a wọn ìbàdí rẹ̀ pẹ̀lú. Ojoojúmọ́ ni ẹ ń ṣí sítọ́ọ̀, tí ẹ ń tì í, ọrùn yín ò gbà á mọ́, ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó lẹ́yìn kàlẹ́ńdà yẹn. Ìṣó ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀, mò ń wò ó báyìí. Ẹni tó wá tún fáànù ṣe mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń gbálẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń gbé bébà wá mọ̀ ọ́n. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ tí a kó wọn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún kà wọ́n nínú wa. Fọ́tò là ń kà.

Mo gbọ́ ìró rẹ̀, Tíṣà. Mi ò sọ èyí fún yín rí. Aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń jó wíńdò fún ẹnì kan, mo gbọ́ gbàmù, mo ní táyà ọkọ̀ ẹnì kan ti bẹ́. Mo tún dojú kọ wíńdò mi. Mo parí igun kan. Mo parí igun kan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, mo tẹ orí mi sí ẹ̀gbẹ́ láti wò ó bóyá ó gún, kí ẹnì kan tó sáré wá pè mí. Ọmọ mi wà nílẹ̀, èmi ń wò bóyá wíńdò gún.

Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn sọ pé kò bá àwọn ọmọ tó wá jalè jà rárá. Ó ti fa dúrọ́ọ̀ owó sí wọn níwájú, ó ti yẹra fún wọn. Pé ohun kan tó sọ ni pé ó wo ẹni tó gbé ìbọn dání, ó ní, "Rọra, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n." Ẹ ò rí i bí? Ó ṣì ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ sọ́nà níbẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé mo wà níbẹ̀. Bó ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn bí mo bá ń bu omi gbígbóná.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n mú wọn. Wọ́n pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá, ìbọn náà wà lórí tábìlì, lórí ìwé ìròyìn, wọ́n ní Baba ẹ wò ó. Mo wò ó. Wọ́n ti fi nǹkan ha ìdí rẹ̀, àmọ́ wọn ò ha á tán, ọ̀dà funfun kù níbẹ̀, oókan pẹ̀lú eéje. Mẹ́tàdínlógún. Eéje yẹn, Tíṣà, eéje tó tẹ̀ níbàdí díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gún gbọọrọ bí ẹni dúró lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló kọ́ ọ láti máa kọ eéje báyẹn? Ẹ̀yin ni. Ta ló jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ tí a kó wọn pa mọ́, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ nọ́ńbà sí wọn lára lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àlejò lè rí i kedere? Ìkọ̀wé ọmọ mi ló wà lára ìbọn tó pa ọmọ mi.

Ọlọ́pàá bi mí pé, "Baba, ṣé ẹ ti rí ìbọn yìí rí?"

Mo ní rárá.

Ó yà yín lẹ́nu? Ẹ rò pé mo kàn dákẹ́ ni, àbí? Mi ò dákẹ́. Wọ́n béèrè, mo la ẹnu, mo ní mi ò rí i rí. Ọmọ mi ṣì wà ní mọ́ṣúárì, kò tíì sun ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ni mò ń dáàbò bò. Mo ro ti ilẹ̀kùn mi, mo ro ti yín, mo ro ti àwọn ìyá márùn-ún yẹn lórí àga kékeré, mo ní tí mo bá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ á wó lójú mi. Nítorí náà, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ purọ́, èmi ni. N ò wá síbí pé ọwọ́ mi mọ́. Nígbà tí mo wá bá yín lọ́jọ́ kejì tí mo sọ fún yín pé tiwa ni, ẹ sunkún, n ò ní í sọ pé ẹ ò sunkún, ẹ fi orí gbá tábìlì yìí. Nígbà tó yá, ẹ nu ojú nù, ẹ ní, "Wẹ́dà, ẹ jẹ́ kí ìpàdé yìí kọjá ná." Mo sì gbà. Mo tún jókòó.

Àwọn àlejò ńkọ́? Wọn ò wá mọ́. Wọ́n kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, pé àwọn gbọ́ pé wọ́n yìnbọn pa ènìyàn ní òpópónà wa, kí a jọ̀ọ́ má bínú, àwọn á wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ìbọn tí a tọ́jú dè wọ́n ló lé wọn padà. Bí ẹlòmíràn bá sọ ìtàn yìí fún mi, n ó ní ó kàn hun ún ni.

Ẹ̀yin àti èmi nìkan la gé èyí tó kù, lẹ́yìn ìsìnkú, tí a ti ilẹ̀kùn àgbàlá. Ẹ̀yin ń gbé e fún mi, èmi ń gé e, mo sì ń kà á sínú, méjìlélógójì, mo kà á dópin, kò pé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí lèyí. Ẹ mọ̀ pé méjìlélógójì ni, torí ọwọ́ yín ló gbé e. Kí ló wá dé tí ó fi di mẹ́tàlélógójì lórí bébà? Èwo ni mo gé tí ẹ fẹ́ kí n fọwọ́ sí? Ṣé èyí tó wà lórí tábìlì ọlọ́pàá?

Mo gbọ́. Mo gbọ́ yín, ẹ ò nílò láti tún un sọ. Ẹ ní àwọn ìjọba kan wà tí wọn ò fẹ́ fi ojú kan irú wa, pé ọdún mẹ́ta ni ẹ̀yin àti àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún gbogbo yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti sọ̀rọ̀. Pé bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á máa na ìka sí wa, wọ́n á ní ẹ wá wo àwọn tó ní ká má ta ìbọn kiri, ọ̀dọ̀ wọn ni ìbọn ti ń jáde. Pé wọ́n á tìtorí wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ tí kò ṣẹ̀ wọ́n. N ò sọ pé irọ́ ni. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, mo ti dàgbà tó láti mọ ìyẹn.

Àmọ́ kí la fi ju ìjọba lọ, Tíṣà? Wọ́n ní sójà, wọ́n ní ọlọ́pàá, wọ́n ní ilé alájà mẹ́wàá tí wọ́n ń ka òkú sí bí ó bá ṣe wù wọ́n. Kí làwa ní? Ìwé kan ni a ní, ìwé tí a kì í purọ́ sí. Ohun tó mú kí àjọ àgbáyé wá wa dé orí àtẹ̀gùn yìí nìyẹn, kì í ṣe ẹwà wa. Ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí ojú ewé ogún, níbi tí ẹ ti ń gba gbogbo ìjọba ayé nímọ̀ràn: kí wọ́n máa ka ìbọn tó wà nínú ilé ìkóhun-ìjà wọn lóṣooṣù, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sì wà níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè tó. Ọwọ́ yín ò ha wúwo nígbà tí ẹ ń kọ ọ́? Ìṣó yẹn wà lẹ́yìn yín! Ẹni tó bá fẹ́ dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo tọrùn wa. Ẹ sọ fún wọn pé àwa tí ọkàn wa mọ́, àwa tí a kì í jẹun kí a tó gé e, ẹyọ mẹ́tàlélógójì péré ló wà lọ́wọ́ wa, ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré la tọ́jú rẹ̀, ó sì jáde, ó pa ọmọ inú ilé wa. Kí wọ́n wá sọ iye tó ń sọnù lọ́wọ́ àwọn tó ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ìyẹn nìkan á tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹ ò lè sọ ọ́? Ṣé ẹ rò pé èmi lè sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń pa mí fún yín. Ìyá àwọn ọmọ mi ò mọ̀. A jọ ń sùn, a jọ ń jí, kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti béèrè pé níbo ni àwọn ọmọ náà ti rí ìbọn, wọ́n á ní kó máa lọ ilé, pé àwọn ń wádìí. Òun kì í sọ̀rọ̀ ẹni tó yìn ín. Ó ní ọmọdé ni, ìyá rẹ̀ náà ń sunkún níbòmíràn. Ẹni tí òun fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó fi ìbọn sílẹ̀ fún un. Ó ní ẹni náà ń jẹun níbì kan, ó ń sùn, ó ń kí ènìyàn ẹ kú àárọ̀. Yóò máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, yóò máa bu oúnjẹ sí àwo mi. Èmi á sì jẹ ẹ́. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, òun ò sì mọ̀ pé ikú ilé ló ń gbé oúnjẹ fún.

Ẹ má sunkún mọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ jókòó, ẹ̀yin gan-an, ẹ jókòó sórí àga yìí, ẹ mú bírò.

Ẹ fa ìlà sí mẹ́tàlélógójì. Ẹ kọ méjìlélógójì. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa pè é: Ọ̀kan kù, nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Ó wà lọ́wọ́ wa. Ó yẹ ká gé e lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, a ò gé e, torí a fẹ́ kí àlejò rí i. Ó jáde lọ́dọ̀ wa, a ò mọ̀, torí a ò kà á. Òun ló pa obìnrin tó wà ní ojú ewé kẹrìnlá. Rárá o, ẹ pa ibẹ̀ rẹ́, ẹ má kọ obìnrin. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ Wẹ́dà. Ẹ kọ ọ́ pé Wẹ́dà ẹgbẹ́ wa gbà pẹ̀lú wa pé kí a tọ́jú rẹ̀, ó sì purọ́ fún ọlọ́pàá. Ẹ kọ ọ́, Tíṣà, ó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi ipá mú mi. Ẹ mú un wá. Ibo ni kí n fọwọ́ sí?

Ó ti parí. Àbí kò parí.

Ìyá rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó jókòó sí ìdí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gba gígùn mọ́, mo ní kó dúró dè mí, pé ìwé kan ni mo fẹ́ fọwọ́ sí. Lójú ọ̀nà, mo ní n ó sọ fún un. Mo pè é, ó dáhùn, mo la ẹnu, mo bi í bóyá oòrùn ò mú un jù. Mo ti gé irin tó nípọn ju orí mi lọ, ẹnu mi ò gba ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú ìwé yẹn dání, ẹ̀yin lẹ ó kà á fún un. Ẹ má yára kà á o. Láti ọjọ́ náà, kì í tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́.